Màmá Oníná, Ẹni Tó Fi Iná Tọ́ Koríko

Ní ọdún 1946 ni a bí ìyá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Màmá Oníná, nínú ilé tó wà létí pápá ìjẹko. Bàbá wọn ló ń sun pápá náà fún àwọn darandaran. Ìyá wọn ń ta wàrà. Màmá kàwé dé kíláàsì kẹfà. Olùkọ́ wọn máa ń sọ pé òórùn èéfín ló máa ń ṣáájú wọn wọlé.

Ní ọdún 1969, wọ́n fẹ́ bàbá wa, darandaran tó wá bá wọn jà nítorí èéfín, tó sì padà wá tọrọ wọn. Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, iná jó irun òkè ojú Màmá. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kun èyí tó wà nínú fọ́tò ìgbéyàwó wọn.

Ní 1974, bàbá wọn kò lè rìn jìnnà mọ́, Màmá sì gba iṣẹ́ náà. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ilẹ̀ ṣì tutù díẹ̀, wọ́n á ro etí pápá kí iná má baà kọjá, wọ́n á sun apá kan, wọ́n á fi apá kan sílẹ̀ fún ẹyẹ àti ehoro. Koríko gbígbẹ tó bo ọmọ koríko mọ́lẹ̀ á jóná, gbòǹgbò ò ní kú, eérú á bọ́ ilẹ̀. Kí wọ́n tó ṣáná, wọ́n á ti ojúlé dé ojúlé kéde pé: "Ẹ ká aṣọ yín o, iná ń bọ̀!" Síbẹ̀, ọdọọdún làwa ọmọ ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí aṣọ funfun rẹ̀ dúdú. Ó máa ń sú wa.

Ní ilé ìjọsìn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Màmá máa ń jókòó. Wọ́n á ní èéfín nìwà, tàwọn ò tiẹ̀ ṣeé fi pamọ́ rárá.

Ọdún méjì ni àìsàn fi dá wọn dùbúlẹ̀. Ìtọ́jú wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè sun pápá. Koríko àtijọ́ dì lórí ara wọn, igi ẹlẹ́gùn-ún ń wọlé, màlúù ń gbẹ́nu kúrò. Lórí ibùsùn, Màmá á béèrè pé, "Ṣé ẹ ti sun ún?" Ìbéèrè yẹn náà ni wọ́n béèrè kẹ́yìn.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, aránṣọ, awakọ̀ àti darandaran, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ. Àkọ́bí wọn, aránṣọ tó búra pé òun ò ní fọwọ́ kan iná pápá láé, ni yóò ṣáná láàárọ̀ ọ̀la. Ó ti rẹ̀ wá, ẹkún ò sì tíì tán lójú wa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò ní tutù dè wá. Ẹ̀yin aládùúgbò tó bá wa kẹ́dùn, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká aṣọ yín o, iná ń bọ̀.

Màmá, ẹ sùn re. Ẹ má béèrè mọ́.