Eku Ni Mò Ń Tọ́jú, Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Kí n tó kí yín rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ tipẹ́: èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì fara jọ ọ́. Eku ni mò ń tọ́jú.

Ó ti bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìnira ara. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín ní ìjókòó, kó má bá yín lórí ibùsùn. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Nílé ìwádìí tí mo wà, èmi ni mò ń fọ àgò àwọn eku, tí mò ń gbé oúnjẹ àti omi fún wọn. Ìwé girama tí mo kà kò gbé mi kọjá ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ rí mi nínú aṣọ funfun tí ẹ sọ mí ní Dókítà, àdúgbò gbà á lẹ́nu yín, mo sì ń dáhùn. Ó ń dùn mọ́ mi létí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ni kókó tó wà lọ́yàn yín, tí gbogbo wa jókòó yí tábìlì ká tí a ò mọ ohun tó kàn, ọkọ yín yíjú sí mi: “Dókítà wa, kí lo rí sí i?” Ó yẹ kí n ní n kò mọ̀. Mo túnra mú, mo ní, “Ṣúgà ni jẹjẹrẹ ń jẹ.” Ìdajì ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá mi ni. Láti ọjọ́ náà lẹ ò ti fẹnu kan búrẹ́dì, ìrẹsì tàbí ọsàn mọ́. “Ebi ni màá fi pa á,” lẹ wí.

Ìdajì tó kù rèé. Tí a bá gún àwọn eku wa tó ní kókó nírù, tí a kán ẹ̀jẹ̀ wọn sórí ẹ̀rọ kékeré bíi ti àwọn onítọ̀ ṣúgà, ṣúgà ibẹ̀ máa ń kéré sí ti àwọn tí ara wọn le. Òótọ́ ni pé kókó ń fa ṣúgà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dín oúnjẹ àwọn kan kù, kókó wọn ò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wọn ń sọ ẹran ara wọn di ṣúgà, kókó sì ń gbà á. Bí mo bá gbé wọn, egungun ni mò ń gbé. Lóṣù tó kọjá tí mo dì yín mú dìde lórí àga, ọwọ́ mi dá ohun tó gbé mọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè yín, tí ẹ ń pa fóònù mọ́ mi létí. “Ìwọ náà ló sọ ọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ dókítà máa ń yí ni?” Mo bínú sí yín. Mo bínú sí ọkọ yín tó kó ìrẹsì ilé lọ fún aládùúgbò. Mo wá ń jágbe mọ́ eku.

Mo bi ọ̀gá mi bóyá bó ṣe rí lára eku ló rí lára èèyàn. Ó ní, “N kò mọ̀. Ohun tí mò ń wá nìyẹn. Dókítà ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, ṣé ó mọ̀ pé kì í jẹun?” Obìnrin tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ ní òun ò mọ̀, ojú ò sì tì í. Èmi tí mò ń fọ àgò ni mo mọ̀.

Nítorí náà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi, ti tẹ́lẹ̀ tàbí ti ìsinsìnyí. Dókítà yín ni kẹ́ ẹ bi. Tó bá ní kí ẹ dín nǹkan kan kù, màá panu mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ti tú u fún mi pé ẹ ò tíì sọ fún un rárá.

Kí okun padà sára yín. Kí oúnjẹ tún dùn lẹ́nu yín. Kí ẹ pẹ́ títí tí ẹ ó fi sú mi.

Èmi ni àbúrò yín kan ṣoṣo,
Olùtọ́jú Eku

Mo gbàgbé: ọmọ yín ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Lọ́la tí ẹ fẹ́ lọ rí dókítà, ẹlòmíì á bá mi fọ àgò. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni màá wọ̀, kí n lè bá yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí n sọ fún un ẹni tó ní kí ẹ má jẹun, àti iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe. Màá mú búrẹ́dì dání. Bí ẹ bá tilẹ̀kùn mọ́ mi, ẹnu ọ̀nà yín ni màá jókòó sí títí ẹ ó fi ṣí i.