Fàlílù Alárìnká, Ẹni Tó Mú Bọ́ọ̀lù Àbúrò Rẹ̀

Fàlílù, ọdún mẹ́rin géérégé lónìí tí a gbé ọ wọ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé baba wa ní Ọ̀tún, nílùú Ọ̀tà. Ọdún mẹ́rin! Ìwọ tí kì í lo ọdún méjì tán níbì kan, o wá fara balẹ̀ síbì kan fún ọdún mẹ́rin. Àwa ọmọ Ògúndèyí péjọ lónìí, a fẹ́ ròyìn ilé fún ọ.

Ilé náà parí, Fàlílù. Ilé tí o fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún tí o padà dé, ó parí! Páànù ti bò ó. Mùkáílà àbúrò rẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kò gba káfíńtà mìíràn láàyè níbẹ̀. Ràfátù ọmọ rẹ ti jáde ní Sítáńdáàdì Síìsì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé lọ́nà Ìdírókò, wọ́n sì ń pè é ní Tíṣà. Tíṣà! Ọmọ tó máa ń sunkún bí o bá ti gbé àpótí. Epo tí Àdìzát aya rẹ ń fún kò dúró lọ́jọ́ kan. Obìnrin mẹ́ta ló ń bá a ṣiṣẹ́ báyìí, àwọn ará Ìfọ̀ sì ń wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn rẹ ń béèrè irú ẹni tí o jẹ́. Nítorí wọn ni a ṣe fẹ́ tún ìtàn rẹ sọ lójú rẹ. Ibi tí a bá ti ṣì í sọ, foríjì wá.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọ́ nígbà tí o wọ rélùwéè ní Ìjòkò, lọ́dún 1932. Télọ̀ ni baba wa, ó sì ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ kejì sílẹ̀ dè ọ́. O dọ̀bálẹ̀ fún un, o ní, "Baba, àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté l'Ékòó fẹ́ gbà mí síṣẹ́."

Baba ní, "Iṣẹ́ kí ni?"

O ní, "Ẹrù ni n ó máa rù láàárọ̀, ṣùgbọ́n gólì tí n ó máa ṣọ́ nírọ̀lẹ́ ni wọ́n torí rẹ̀ gbà mí."

Baba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ń gba ènìyàn síṣẹ́ nítorí pé ó lè mú bọ́ọ̀lù? Ayé ti yí o! Máa lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ."

Ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án! Ẹgbẹ́ èbúté l'Ékòó, ẹgbẹ́ oníkòkó n'Íbàdàn, ẹgbẹ́ awakùsà ní Jọ́ọ̀sì níbi tí òtútù ti fẹ́ pa ọ́, ẹgbẹ́ ẹlẹ́pà ní Kánò, ẹgbẹ́ awa-èédú l'Ẹ́núgù, àti àwọn mìíràn tí a kò lè pe orúkọ wọn. A kò ní purọ́ mọ́ òkú: o kò di gbajúmọ̀ rí. Bí ẹni tó ń ṣọ́ gólì wọn bá fẹsẹ̀ pa, wọn á ránṣẹ́ pè ọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jinná, wọn á ní ó dàbọ̀. Ìwé ìròyìn kọ orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì ṣì í kọ, Fọlákẹ́ ni wọ́n pè ọ́! O gé e, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí àpótí rẹ, o sì ń fi ẹ̀rín ńlá fi hàn gbogbo ẹni tó bá yà kí ọ. Àwọn ará ilé ló sọ ọ́ ní Alárìnká. Àwọn mìíràn fi ń bú ọ. Ìwọ a sì máa jẹ́ ẹ bí oyè.

Ṣùgbọ́n ibi gbogbo tí o dé, iṣẹ́ ni o ń ṣe. Ẹni tó bá gbà ọ́ kì í kábàámọ̀. Èyí gan-an ló sì fa ọ̀ràn tó wà láàárín ìwọ àti Mùkáílà.

Oṣù kọkànlá ọdún 1946 ni. Àwọn tó ń la gẹdú ní Èbúté-Mẹ́ta ló gbà ọ́ nígbà náà. Ife ẹ̀yẹ kan wà tí àwọn oníṣòwò gbé kalẹ̀, ẹgbẹ́ méjìlá ló sì ń du ú. Ọ̀tà ti ń borí bọ̀, kò sì dé ibi tó ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Ta sì ni a fẹ́ bá pàdé ní pápá wa lọ́nà Sángo? Ẹgbẹ́ rẹ!

Mùkáílà ló ń gbá iwájú fún Ọ̀tà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ìwọ lo sì kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù láti kékeré. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ló ń rí i lójú ọkàn rẹ̀ bí àwọn èwe Ọ̀tà yóò ṣe gbé e léjìká dé ààfin.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré náà, o yà sílé kí Àpọ́nlé, ìyá wa. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú rẹ, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Fàlílù, ṣé orí kò fọ́ ọ báyìí?"

O ní, "Orí ò fọ́ mi, Màmá."

"Inú ńkọ́? Bí inú bá ń run ènìyàn, ṣé wọ́n á fipá mú un wọ pápá ni? Àbúrò rẹ ni o."

O gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. O ní, "Màmá, ọwọ́ méjèèjì yìí nìkan ni ìwé ẹ̀rí tí mo ní. Bí mo bá fi wọ́n tan ẹni tó gbà mí jẹ lẹ́ẹ̀kan, kí ni mo tún fẹ́ máa gbé kiri?"

Ìyá wa bu ẹ̀kọ kún un fún ọ. Mùkáílà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé ẹnu lásán ni.

Ó ku díẹ̀ kí eré parí, ẹgbẹ́ rẹ ti jẹ ayò kan, àwa kò tí ì jẹ. Ni ọ̀kan nínú àwọn tìrẹ bá fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù níwájú gólì. Rẹfirí fọn fèrè. Ó ní kí ẹnì kan nínú wa wá gbá bọ́ọ̀lù náà, kí ó ku ìwọ nìkan lójú gólì. Gbogbo Ọ̀tà pariwo orúkọ kan: Mùkáílà! Mùkáílà!

Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ó wo ojú rẹ. O kò ṣẹ́jú sí i, o kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọn ò ní jẹ́ kí ojú tì mí." Ó sáré, ó gbá a lágbára sí ọwọ́ òsì rẹ. O fò, o na gbogbo ara, o mú un, o dì í mọ́ àyà, o sì ṣubú lé e.

Òkúta kan ti àárín èrò fò wá, ó bà ọ́ níwájú orí. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, o dìde, o gbá bọ́ọ̀lù síwájú, eré ń lọ. Bí Ọ̀tà ṣe pàdánù nìyẹn.

Mùkáílà kò kí ọ kó tó lọ. Ó délé, ó kó ẹrù rẹ jáde kúrò ní yàrá tí ẹ jọ ń lò. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ, á ní, "Ta nìyẹn? Mi ò ní ẹ̀gbọ́n." Nígbà tí o lọ sí Ẹnúgù, o kọ lẹ́tà mẹ́rin sí i. Kò já ọ̀kan. Ọdún méjì gbáko! Ohun tó dùn ún jù, bí ó ti sọ fún wa lẹ́yìn náà, kì í ṣe ayò tí kò wọlé. Ó ní o wo ojú òun bí ẹni tí kò mọ òun rí.

Lọ́dún 1948, ẹgbẹ́ kẹsàn-án ní ó tó. O padà wálé, ìka mẹ́ta ti wọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ. O kò tí ì jókòó tí o fi gba ìsọ̀ káfíńtà Mùkáílà lọ.

O ní, "Mùkáílà, mo dé o."

Ó ń fá pákó, kò gbójú sókè. O jókòó lórí ìtì igi kan títí ó fi palẹ̀ mọ́, o dìde, o lọ. Lọ́jọ́ kejì, o tún wá. Lọ́jọ́ kẹta, o tún wá! O kò bẹ̀ ẹ́, o kò sì bá a jà. Lọ́jọ́ kẹrin ni ohun tó wà níkùn rẹ̀ bú jáde.

"Bọ̀dá, lójú gbogbo ìlú! Ṣé ẹ ò lè fi í sílẹ̀ kó wọlé ni? Ẹ̀ẹ̀kan péré!"

O ní, "Bí mo bá fi í sílẹ̀, ta ló gbá a wọlé? Ìwọ àbí èmi?"



O na ọwọ́ òsì sí i. O ní, "Ìka àárín yìí, ìwọ lo ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà. Láti Èkó dé Kánò, kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù tó le tó bẹ́ẹ̀ sí mi. Bí mo bá yẹ̀ fún un, o kò ní mọ̀ láéláé bí o ti le tó."

Mùkáílà gbé ìfági sílẹ̀. Ó di ìka náà mú, ó ń wò ó, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tó fi gbẹ́ òpó gólì mẹ́rin. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣán igbó lójú ọ̀nà Ìyànà Ìyẹsí, ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀ fúnra yín. Pápá náà ṣì wà, Fàlílù! Ìrọ̀lẹ́ kò sí tí wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Láwàlì tí o kọ́ ní gólì ti gba iṣẹ́ n'Íbàdàn, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì tí ì yọ ọ́ láti ọdún méjì. Ó jù ọ́ lọ, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó lọ. Ó dùn mọ́ ọ nínú.

Ibà pọ́njú ọjọ́ mẹ́sàn-án ló mú ọ lọ. Mùkáílà kò jẹ́ kí ẹlòmíràn la pákó tí a fi bo sàréè rẹ. Ó fá wọn dán, bí ẹni pé ẹnì kan máa rí wọn.

Nígbà tí ọjọ́ opó pé, àwọn àgbà ní kí ó ṣú Àdìzát lópó. Àdìzát ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n rárá. Wọ́n ní, "Ọkọ tó lo ọdún mẹ́rìndínlógún lójú ọ̀nà, tó lo márùn-ún péré nílé, ṣé nítorí rẹ̀ lo ṣe ń ṣe báyìí?" Àdìzát ní, "Ẹ má pe márùn-ún náà ní péré." Mùkáílà dìde níwájú wọn, ó ní, "Ẹ fi ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀." Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn.

Lónìí, nígbà tí ààfáà ka Kùránì tán, a bi Mùkáílà bóyá ó ní ohun tó fẹ́ kí a sọ fún ọ. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo dúpẹ́ tí wọn ò ṣàánú mi."

Fàlílù, a gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, a sì sọ ọ́ fún ọ. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ọ. Àárò rẹ ń sọ wá, ó ń sọ wá gan-an! Ìfẹ́ rẹ kò sì rìn lọ síbì kankan kúrò lọ́dọ̀ wa.