Ibùsùn Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Bàbá mi ọ̀wọ́n, Tíṣà wa,

Okun o. Ẹ má jáyà, kì í ṣe pé Màmá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọsibítù wa ní Kàbà níbí ló wà. Òtútù àyà ló dá a dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò dùbúlẹ̀ rárá. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ ò bá ohun tuntun tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n gbé síkírìn pẹlẹbẹ kan kọ́ sórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan, ó tó síléètì tí ẹ fi kọ́ wa ní ìṣirò. Orúkọ aláìsàn wà níbẹ̀, àti oògùn tí ara rẹ̀ ò gbà. Bí ewu bá wà, á pupa fòò. Èmi gan-an ni wọ́n ní kí n kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì yòókù bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ṣebí ọmọ tíṣà ni mí! Mo kọ́ wọn títí ohùn mi fi há.

Ẹ ṣáà rántí ọjọ́ tí wọ́n gún Màmá ní pẹnisílìnì, tí ojú rẹ̀ wú tí kò lè là á mọ́, tí ẹ gbé e gun ọ̀kadà tẹ̀yin ti ẹ̀wù tí ẹ wọ̀ sódì. Nítorí náà, pupa fòò ni síkírìn tirẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.

Àfi ìgbà tí wọ́n gbé Màmá Odò-Ẹrẹ̀ wọlé, ìyá arúgbó kan tó ju Màmá lọ dáadáa. Ẹ̀bá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, Màmá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ kúkú mọ ìyàwó yín. Kí òun máa jẹ̀gbádùn atẹ́gùn, kí àgbà máa gbóòórùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Láéláé! Bí wọ́n ṣe jẹun àárọ̀ tán, ó fa ìyá yẹn lọ́wọ́, wọ́n pààrọ̀ ibùsùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Síkírìn ò mọ̀ pé àgbà ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún.

Bí Nọ́ọ̀sì Súlè ṣe gbé pẹnisílìnì Màmá Odò-Ẹrẹ̀ dé nìyẹn, òun tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi tó gbọ́n jù. Ó wo síkírìn: orúkọ bára mu, kò sí pupa. Màmá ti fi aṣọ borí lórí ibùsùn ìyá yẹn, ó ń sùn. Èmi náà ń gbé ògì rẹ̀ bọ̀, ni mo bá rí ìbọ̀sẹ̀ yín, aláwọ̀ eérú tó ti lu níbi àtàǹpàkò, tó yọ lábẹ́ aṣọ. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kì í bọ́ ọ. Ha! Mo figbe ta, ògì lílọ́wọ́ọ́wọ́ dà sí Súlè láyà, òun náà figbe ta. Màmá jí, ó sì ń bínú sí mi pé mo fi oúnjẹ ṣòfò.

Abẹ́rẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, Bàbá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ògì, mo sì sunkún. Mo ti ní kí wọ́n máa wo síkírìn, mi ò rántí sọ pé kí wọ́n ṣí aṣọ lójú aláìsàn.

Ní báyìí, òfin tuntun ti dé. Kí a tó fún ènìyàn lóògùn, aláìsàn gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ, kí àwa náà sì pè é tẹ̀lé e. Ìjà dé! “Ìwọ tí mo bí ni wàá máa bi mí lórúkọ?” Débórà ló wà nínú síkírìn, Màmá ò jẹ́ pè é. “Ìyàwó Tíṣà” ló ń sọ fún gbogbo wa. Nígbà tó sú mètírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, ó ní ká kọ “Ìyàwó Tíṣà” kún orúkọ rẹ̀ nínú síkírìn.

Ara rẹ̀ ti ń yá. Ṣé ẹ ń gbọ́ wa lọ́hùn-ún? Láàárọ̀ yìí, ọ̀gá dókítà dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rín ń pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. Gbogbo ìwé tó kà náà, kò lè fọwọ́ kan ìyàwó yín àfi ìgbà tó dárúkọ yín.

Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń pè ní Aláriwo.