Àwọn Tó Bọ́ Sómi Nítorí Wa

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àmójútó ilé àti oko. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kúnlẹ̀ kí Màámi. Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Ṣèyí àti ìyàwó wọn. Ẹ sọ fún wọn pé mo rí fọ́tò ọmọ tuntun wọn, imú yín ló gbé wáyé.

Ara mi le. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń lọ dáadáa, wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá ní wọ́ọ̀dù wa ní Greenspoint lókè òkun níbí. Ooru ibí kò yàtọ̀ sí ti ilé, ìyẹn ò dà mí láàmú. Ohun tó ń ṣe mí ni pé èèyàn lè wakọ̀ lórí freeway, títì ńlá tiwọn níbí, láti àárọ̀ dalẹ́ kó má rí ẹni tó máa bi í pé ṣé ó jíire. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń pa ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúgbò Alief jẹ. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí mo pè yín lé lórí ti ṣẹlẹ̀, tí ẹ ní kí n kọ síta kí gbogbo ọmọ abúlé wa lè kà á.

Òjò ńlá kan ló ká wa mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Omi bo títì, mọ́tò kankan ò lè jáde, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ọmọdé. Mo kó wọn jọ, mo sọ ìtàn abúlé wa bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa: bí odò ṣe kún nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọwọ́, tó gbé àwọn ilé wa ní àfonífojì lọ, bí ìyá yín ṣe jókòó sórí òrùlé, tí wọ́n ń lu bàsíà pé kí àwọn ará Ìdí-Ọ̀pẹ lódìkejì gbà wá, bí àwọn yẹn ṣe fa ọkọ̀ ojú omi wọn sókè kúrò nínú odò, tí wọ́n kẹ̀yìn sí wa. Mo ní ìdí nìyẹn tí a fi kó lọ sórí òkè, tí a kì í sì í fẹ́ ọmọ wọn títí dòní.

Obìnrin kan dìde. Ìyá Dámilọ́lá ni. A ti jọ ń se oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì tipẹ́, mi ò bi í rí pé ọmọ ibo ni. Ó ní kí n má bínú, ọmọ Ìdí-Ọ̀pẹ lòun, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Inú bí mi. Mo ní bàbá mi kì í purọ́. Ó ní ìyá òun náà kì í purọ́, ó sì pè wọ́n lórí fóònù lójú gbogbo wa.

Màmá náà kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, àfìgbà tí mo dárúkọ abúlé wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ létí wọn, pé ṣé a ṣì ń sọ̀rọ̀ obìnrin tó ń lu bàsíà. Wọ́n ní ìró rẹ̀ ni Àkànní, ẹ̀gbọ́n wọn, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́ tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ bọ́ sómi. Omi dojú ọkọ̀ náà dé lójú ìyá wọn. Wọn ò rí òkú àwọn méjèèjì. Ìgbà yẹn làwọn àgbà fa àwọn ọkọ̀ yòókù sókè, kí àwọn ọ̀dọ́ mìíràn má bàa tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí omi fà, àwọn ará Ìdí-Ọ̀pẹ wá sọ fún wa. Àwọn èèyàn wa lé wọn padà, wọn ò jẹ́ kí wọ́n la ẹnu.

Ìyá Dámilọ́lá dì mọ́ mi, àwa méjèèjì sunkún. Nígbà tí omi fà kúrò lójú títì, òun ló wakọ̀ ṣáájú, mo tẹ̀ lé e délé.

Ọkàn mi ò balẹ̀ nígbà tí mo pè yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ tán, ẹ ò já lù mí. Ẹ kàn bi mí pé kí lorúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ẹ sì rọra pè é: Àkànní. Ẹ ní ẹnu bàbá yín lẹ ti gbọ́ tiyín, pé láti orí òrùlé, ọkọ̀ tí wọ́n fà sókè nìkan ni àwọn èèyàn wa rí. Ẹ wá ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́ fún gbogbo èèyàn, kí gbogbo èèyàn gbọ́ èyí náà. Bàbá, mo ń fi yín yangàn.

Màámi ní ẹ ti ń múra láti sọdá sí Ìdí-Ọ̀pẹ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jẹ́ kí Bùọ̀dá Ṣèyí bá yín lọ. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ màmá yẹn, ẹ má tíì ṣàlàyé ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn kú ọ̀fọ̀ Àkànní. Láti ọjọ́ tó ti kú, kò tíì sẹ́ni tó ti abúlé wa wá kí wọn.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, Bàbá. Odò á gbà yín lọ, á gbà yín bọ̀. Ẹ kí gbogbo ará òkè, kí ẹ sì bá mi kí gbogbo ará Ìdí-Ọ̀pẹ.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́