Pákó Ìwẹ̀ Tí Mo Kàn fún Ẹtu

Àbúrò mi, Ẹtu ẹlẹ́sẹ̀ afẹ́fẹ́,

Mo kí ọ, kí ìkíni mi wọlé ṣinṣin bí ìṣó tó bá pákó tútù pàdé, kó má tẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣé ara ń le? Ṣé oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ ń dé ikùn, àbí ó kàn ń kọjá lójú abọ́? Àwa níhìn-ín wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Ìyá Àgbà ní kí n gba àdúrà fún ọ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì, ìwọ ni kó o gbé ìlú ńlá mì, kí o sì jẹ ẹ́ kúnná kó tó lọ sísàlẹ̀. Mo ní irú àdúrà wo nìyẹn, ó ní kí n kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́. Mo ti kọ ọ́.

Òrùlé ilé ìṣẹ́ mi kò jò mọ́. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan jọ ọ́, èkejì jọ òbúkọ aládùúgbò wa, a kò tíì bá wọn sọ ọ́.

Fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù tí o fi rán dírẹ́bà tó ń kó pákó dé ọwọ́ mi, kò rún rárá, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí alágbàtọ́ ọmọ kọ nọ́ńbà àkáǹtì báńkì rẹ̀ síbẹ̀. Èmi kò ní àkáǹtì, mo bá lọ sí báńkì. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní kí n mú ohun tó fi àdírẹ́sì ilé mi hàn wá. Mo padà sílé, mo wò yíká, ohun kan ṣoṣo tí àdírẹ́sì wa wà lára rẹ̀ ni ilẹ̀kùn iwájú, níbi tí mo fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà ilé sí. Mo tú u kúrò lára férémù, mo gbé e rù, ó di báńkì. Ẹ̀ṣọ́ ní kí n fi í sílẹ̀ níta, mo ní ṣé wọ́n ń béèrè ẹ̀rí àbí wọn kò béèrè. Mánẹ́jà jáde, ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ báńkì, ẹnikẹ́ni kò tíì gbé ẹ̀rí tó ga tó báyìí wá bá òun. Ó ní bébà owó iná ni wọ́n ń fẹ́, ṣùgbọ́n òun á rán ẹnì kan kó tẹ̀ lé mi wá wo ilé. Nígbà tí a dé, Ìyá Àgbà jókòó sí ojú ọ̀nà, ó ní òun ni ilẹ̀kùn títí tí ilẹ̀kùn á fi dé, kò sì jẹ́ kí ọkùnrin náà wọlé. Wọ́n ṣí àkáǹtì náà fún mi. Mánẹ́jà tún ní kí n wá bá òun kan ilẹ̀kùn méjì. O ò rí i pé ènìyàn rere pọ̀.

Ó yá, ohun tó mú mi gbé kálámù gan-an rèé. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mò ń rẹ́ pákó lọ́wọ́ ni fóònù dún lórí tábìlì iṣẹ́. Mo fẹ́ ìyẹ̀fun igi kúrò lójú rẹ̀, mo rí ohun tí o kọ: Egbon mi, mo fe fi ere sile ki n gbaju mo iwe. E ma binu. Bó ṣe wà nìyẹn, kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ṣí orí sílẹ̀, wọn kò sì wọ bàtà. Mo rò pé ẹ̀rọ tó wà lórí òkè lọ́hùn-ún ga jù ni, pé ibẹ̀ ni àwọn àmì náà já bọ́ sí kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo bá dá àmì sí i fúnra mi. Mo kà á báyìí pé: ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ fi eré sílẹ̀ kí n gbájú mọ́ ìwẹ̀. Ẹ máa bínú.

Ìwẹ̀ kẹ̀! Ìwọ tí o máa ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa tí Ìyá Àgbà bá da omi lé ọ lórí. Ẹtu wo ló ń gbé inú odò? Ṣùgbọ́n o ní kí n máa bínú, èmi kì í sì í kọ ohun tí o bá fẹ́ lọ́wọ́ mi, mo bínú fún odidi ọjọ́ méjì. Mo bínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rẹ́ ẹsẹ̀ àga kan kúrú, mo wá rẹ́ mẹ́ta yòókù kó bá a mu, ó di àpótí ìjókòó.

Lọ́jọ́ kẹta ni apẹja gbé àjẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ tó sán wá kí n tún un ṣe. Ó ní kí ló dé tí ojú mi le bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo sọ fún un. Ó ní ṣé sikọ́láṣíìpù kọ́ ni ọmọ náà ń lépa? Mo ní òun ni. Ó ní òun ti ṣiṣẹ́ ní èbúté rí, ọkọ̀ ojú omi ńlá ni wọ́n ń pè ní ṣíìpù, sikọ́lá sì ni ẹni tó mọ̀wé. Ó ní ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó àwọn tó mọ̀wé lọ sí yunifásítì ni, olórí ọkọ̀ wo ni yóò sì gbé ọmọ tí kò mọ ìwẹ̀ sójú agbami? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lórí. Ìbínú mi tán lójú ẹsẹ̀, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba tí kò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú sínú omi.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo wá igi tó fúyẹ́ jù nínú ilé ìṣẹ́, mo fá a, mo dán an, mo kan pákó ìwẹ̀ tí wàá máa dùbúlẹ̀ lé tí o bá ń kọ́ ọ. Mo fi èèkàn kan sí i nísàlẹ̀ láàárín, níbi tí ọwọ́ á ti máa dì í mú. Mo gbé fọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n ti béèrè ọ̀nà tí ọmọ fẹ́ fi wọ yunifásítì, mo kọ ÌWẸ̀ gàdàgbà. Mo wá ní èmi kò lè fún ọ ní ohun tí n kò dán wò, mo gbé pákó, ó di odò. Ìyá Àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, ó ní níwọ̀n ìgbà tí èmi kì í ti í ṣe òmùwẹ̀, bóyá omi ò ní rí mi.

Omi rí mi. Pákó lọ sí ọ̀tún, èmi lọ sí ìsàlẹ̀. Apẹja ló di ṣòkòtò mi mú, ó fà mí jáde, Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Bí mo ṣe ń pọ omi létí odò ni Tíṣà Àgbà, ẹni tó kọ́ èmi àti ìwọ ní ABD, ń kọjá lọ pẹ̀lú agbòòrùn rẹ̀. Ó ní kí ni mò ń ṣe nínú omi láyé mi. Mo fún un ní fóònù tí mo fi sílẹ̀ sórí iyanrìn kí n tó wọ omi, mo ní kó kà á. Ó kà á, ó tún un kà, ó pa agbòòrùn dé, ó jókòó sórí iyanrìn nínú aṣọ funfun, ó rẹ́rìn-ín títí tí gíláàsì ojú rẹ̀ fi bọ́. Ó ní káfíńtà olórí kunkun, ìwé ni! Ó ní kí n yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò, kí n gbé ohùn sókè, ìwé ni ọmọ ní òun fẹ́ gbájú mọ́. Ó ní àti pé kò ní kí n máa bínú, ó ní kí n má bínú.

Ẹtu, èmi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìwẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù ni pé o fẹ́ fi eré sílẹ̀. Gbogbo abúlé ni mo ti sọ fún pé ẹsẹ̀ rẹ ló máa gbé ọ wọ yunifásítì. Mo sọ fún Tíṣà Àgbà pé kò ṣeé ṣe, pé n kò ní buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kankan tí kì í ṣe ti eré. Ó ní ó dáa, ó gba nọ́ńbà kóòṣì rẹ lọ́wọ́ mi, ó pè é níwájú mi, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

Kóòṣì kò fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó ní níbi tí a ti wá, o kò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n ní ìlú ńlá, ọmọbìnrin mẹ́rin ló ń sáré jù ọ́ lọ, àyè méjì péré ni yunifásítì sì ń fún àwọn eléré. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn fi ẹsẹ̀ rọ́ lóṣù tó kọjá, gbogbo ìrètí rẹ̀ sì wà nínú kókósẹ̀ yẹn. Ó ní àní àwọn tí wọ́n bá mú fún eré, wọ́n á ṣì wo máàkì wọn. Ó wá ní ṣé mo mọ̀ pé nínú ìṣirò, ìwọ lo ṣe ipò kìíní nínú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, lẹ́ẹ̀mejì. N kò mọ̀. Ó ní o ti ń wá bí o ṣe máa sọ ọ́ fún mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o ń kọ ọ́, o ń pa á rẹ́. Ó ní tí òun bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, òun á ní kí o máa sáré nírọ̀lẹ́ kí ara lè jí, kí o sì fi ọ̀sán mú ìwé. Kóòṣì ló sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún nítorí eré. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe gbogbo alágbẹ̀dẹ ló máa sọ fún ọ pé kì í ṣe àdá lo nílò.

N ó sọ òótọ́ fún ọ, torí n kò mọ irọ́ pa dáadáa. Láti ọjọ́ tí bàbá àti ìyá wa ti lọ, tí mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tí mo gba ayùn, mo ti ń wá ibi tí mo ti lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Eré ni mo rí. Èmi ló gún èèkàn sí ọ̀nà oko kí o lè mọ ibi tí o ti máa bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí o máa dé. Èmi ló ń lu òòlù mọ́ pákó, mò ń kà á, o máa ń dé kó tó di ogún. Ìwé ńkọ́? Tí o bá ṣí ìwé ìṣirò rẹ, èmi kò mọ ibi tí wọ́n ti ń gún èèkàn níbẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí pé tí o bá gba ọ̀nà ìwé, o ò ní rí mi létí ọ̀nà mọ́. Ohun tí mo fi ń ṣe orí kunkun nìyẹn. Mo sọ ọ́ fún Tíṣà Àgbà, ó ní ta ni mo rò pé ó kọ́ ọ ní kíkà, ó ní ṣé kì í ṣe èmi tó ń ka òòlù.

Nítorí náà mo mú fọ́ọ̀mù. ÌWẸ̀ tí mo kọ kò pa rẹ́, mo bá fi bébà tí a fi ń dán pákó ha á. Yíǹkì lọ, bébà náà sì lọ, ihò kan wà níbẹ̀ báyìí. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ bébà funfun mọ́ ọn lẹ́yìn, mo fi pákó pẹlẹbẹ méjì há a títí ó fi gbẹ, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tíṣà Àgbà ló bá mi mú ọwọ́ mi dúró tí mo fi kọ ÌWÉ, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ òbí tàbí alágbàtọ́ sí, pé kí n mú ọ̀kan, mo béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà èwo ni mo jẹ́. Ó ní kí n má ya òun ní wèrè. Mo mú méjèèjì, mo buwọ́ lù ú.

Dírẹ́bà máa gbé fọ́ọ̀mù fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ó sì máa gbé ẹrù kan. Pákó ìwẹ̀ ni. Mo yọ èèkàn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, bí Tíṣà Àgbà ṣe yọ àmì ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, mo wá fi ẹsẹ̀ mẹ́rin gbé e sókè. Ó ti di tábìlì ìwé. Tí ó bá mì, fi bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ òsì iwájú, ọjọ́ tí mo kàn án, omi ṣì wà létí mi.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Ìyá Àgbà ní kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ìpara orúnkún òun, tí kò bá sí, kí o fi àdúrà ránṣẹ́. Ní tèmi, owó tí o bá ní lọ́wọ́, fi ra káàdì, kí o pè mí. Má kọ ọ́ mọ́. Ohùn rẹ ní àmì tirẹ̀ lára, n kò ní ṣì í gbọ́.

Mo dúpẹ́ pé o kò fi ẹsẹ̀ sáré lọ síbi tí orí rẹ kò fẹ́. Orí rẹ á gbè ọ́. Ohun tí o bá kà, á yé ọ. Ibi tí o bá ń lọ, wàá dé ibẹ̀ kó tó di ogún.

Mo sì ti gbọ́ ohun tí o ní kí n ṣe gan-an. N kò bínú.

Èmi ni, káfíńtà, òbí àti alágbàtọ́ rẹ.