"Ẹ Ṣeun" Tí Kì Í Ṣe "Bẹ́ẹ̀ Ni"

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú òjò, ẹ kú ìtọ́jú àwa ọmọ. Láti Jákàńdè níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo kí Màmá, mo kí Ìyá Àgbà, mo sì kí Mojí àbúrò mi, ẹni tí mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kí ìwé ìròyìn bá mi gbé e jáde, torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan kọ́ ni bàbá tí irú ọ̀rọ̀ yìí wà nílé rẹ̀.

Ara mi le. Iṣẹ́ bíríkìlà ò wọ́n ní Igbó Ẹfọ̀n, owó tó ń wọlé sì tó mi jẹ, ó tó fi ránṣẹ́. Afẹ́fẹ́ òkun ló ń dá wa lágara, ó ń mú kí irinṣẹ́ wa dípẹtà. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ilé máa ń sọ mí, tí mo máa ń fẹ́ kí Ìyá Àgbà kàn wà nítòsí kí wọ́n máa bá mi wí.

Nígbà tí yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ gba Mojí, tí wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ẹ̀dá dípò ẹ̀kọ́ iná mànàmáná tó béèrè, ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ni iléèwé onírin ń fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ ní ó dà bí ìgbà tí télọ̀ bá lọ kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ ní, "O ṣeun, mo ti gbọ́." Inú mi dùn. Mo ní kí Mojí máa di ẹrù.

Lẹ́yìn náà la lọ ṣiṣẹ́ ní Eleko. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ló ya àwòrán ilé ńlá kan fún àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, ààrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, pẹ̀lú ihò èéfín gíga tí kò ní jẹ́ kí èéfín máa ta wọ́n lójú. Àwa la kọ́ ọ. Ó rẹwà débi pé èmi náà ń fi yangàn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó gbé ẹja wá síbẹ̀. Adìẹ ló ń sùn sínú rẹ̀.

Ó dun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ti béèrè, àwọn obìnrin náà sì gbà. Ni iléèwé wọn bá rán olùkọ́ obìnrin kan wá, tó ń kọ́ wọn ní èdè àti àṣà. Ó bi wọ́n pé kí gan-an làwọn obìnrin náà sọ. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, a dúpẹ́, ẹ kú akitiyan." Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bi wọ́n pé tí wọ́n bá ní kẹ́nì kan wá jẹun, tó dáhùn pé á gba ibi ire, ṣé wọ́n á bu oúnjẹ fún un ni?

Ó wá jókòó ti àwọn obìnrin náà, ó ń bá wọn ṣa ẹja. Wọ́n sọ fún un pé ẹ̀yìnkùlé kálukú ni oníbàárà rẹ̀ ti ń wá bá a; tí gbogbo ẹja bá wà lójú kan, ìjà oníbàárà ò ní tán láéláé. Ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ fún ọmọ ọlọ́mọ tó gbé ẹ̀bùn wá pé àwọn ò fẹ́.

A wó ilé ńlá náà, a sì kọ́ ààrò kéékèèké sí ẹ̀yìnkùlé kálukú, ihò èéfín kan náà ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń lò ó báyìí. Àwọn ọmọ ẹlẹ́rọ mọ iná, wọ́n mọ èéfín, mi ò gbà á lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ká ní olùkọ́ yẹn ò dé ni, ilé adìẹ là bá kọ́. Irú ohun tí olùkọ́ náà mọ̀ ni Mojí fẹ́ lọ kọ́.

Ìgbà tá à ń bọ̀ lórí títì márosẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín wá sí mi lọ́kàn. "O ṣeun, mo ti gbọ́." Bàbá mi, ẹ ò sọ pé kó lọ.

Ìforúkọsílẹ̀ níléèwé Mojí ti fẹ́ parí. Ọkàn mi balẹ̀ pé tẹ́ ẹ bá gbọ́ ti Eleko yìí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sìn ín dé gáréèjì. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pè mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ni kẹ́ ẹ sọ.

Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa, ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn ará ìsàlẹ̀ òpópó. Ẹ sọ fún Mojí pé kó má tíì tú ẹrù rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Súnkànmí