Orúkọ Télọ̀ Lórí Gbogbo Lẹ́tà

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀. Ìdajì owó oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, mo sì fi ìyókù kún un.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ọsibítù wa, ọ̀rẹ́ yín, ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà lórí kọ̀ǹpútà tí a fi ń pe gbogbo aláìsàn wá gba ìtọ́jú; mo máa ń fi ọ̀rọ̀ àṣírí tì í pa. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà ní títì, kọ̀ǹpútà kò lè fi orúkọ kálukú sí lẹ́tà tirẹ̀, nítorí náà mo ṣí i. Mo ní kí ọ̀gá má fọwọ́ kàn án.

Ó ní, “Ìyá Kọ̀ǹpútà, ṣé ìwọ ni o máa kọ́ mi níṣẹ́ ni?”

Mo lọ gbé bébà. Ó rí àlàfo tí orúkọ yóò bọ́ sí, ó pè é ní àṣìṣe, ó sì tẹ orúkọ télọ̀ kan tí à ń tọ́jú síbẹ̀. Kí n tó dé, gbogbo lẹ́tà ti jáde lórúkọ télọ̀, ó sì ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn aláìsàn. Bàbá kan tí ọkàn ń yọ lẹ́nu dá tirẹ̀ padà: “Èmi kọ́ ni wọ́n ń pè.” Wọ́n ti sin ín.

Ọ̀gá ní kí n fọwọ́ síwèé pé èmi ni mo ṣe é. Màmá sọ pé ẹ ní kí n fọwọ́ sí i, pé ẹ óò bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀pa kò bóró mọ́: n kò fọwọ́ sí i, iṣẹ́ ti bọ́, n kò sì mọ ẹni tí yóò máa fi ìyókù kún owó oògùn.

Ọmọ bàbá náà dúró dè mí lẹ́nu géètì. “Àǹtí, ta ló ṣe é?”

Mo sọ fún un.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn pè yín lọ́jọ́ tí ẹ nílò ìrànlọ́wọ́.

Èmi ni àbúrò yín.